Òpó ààfin Ìkẹ́rẹ́ wà ní Chicago: Bí ìránṣẹ́ kékeré inú kọ̀ǹpútà ṣe lè sọ ọ́ di òwò fọ́mọ Èkìtì

Ẹni tó bá ti dé Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì rí yóò mọ òkè Ọlọ́ṣunta, yóò sì mọ ọ̀nà ààfin Ògògà. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló mọ̀ pé ọ̀kan lára àwọn òpó tó ti dúró láàfin yẹn nígbà kan ti wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé kan nílùú Chicago, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láti ọdún 1984. Art Institute of Chicago lorúkọ ilé náà, nọ́ńbà tí wọ́n sì fún òpó ọ̀hún nínú ìwé wọn ni 1984.550.

Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí ọkùnrin agbẹ́gilére náà sí ní nǹkan bí ọdún 1873, àmọ́ Ìsẹ̀-Èkìtì ló fi ṣe ilé, ọ̀dọ̀ Arínjálẹ̀ ló sì ti ń ṣiṣẹ́ kí òkìkí rẹ̀ tó kàn dé àwọn ààfin mìíràn. Láàárín ọdún 1910 sí 1914 ló gbẹ́ òpó Ìkẹ́rẹ́ yìí. Ọba jókòó sórí ìtẹ́, olorì àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹyẹ sì bà sórí adé. Ìlẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ fún ààfin kan náà ti bá tirẹ̀ lọ sí London. Wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley lọ́dún 1924, àwọn British Museum rí i, wọ́n ní àwọn fẹ́ rà á. Ògògà ò gbà kí wọ́n fowó rà á, ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílùú Òyìnbó ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀.

Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ dé ibí lè máa béèrè pé kí ni òpó ààfin ń wá lójú ewé ọrọ̀ ajé. Owó ló ń wá níbẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Chicago yìí ti kó àkọsílẹ̀ àwọn ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ àwárí kan, ó sì ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó wà ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Emùré kò nílò físà kó tó béèrè ọ̀rọ̀ níbẹ̀, kò sì nílò kọ̀ǹpútà olówó ńlá. Ohun tó nílò kò ju ìránṣẹ́ kékeré kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀. Ìránṣẹ́ yìí làwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ń pè ní client library. Ó yẹ kí ẹni tó ń ṣòwò kékeré lápá gúúsù Èkìtì mọ̀ nípa rẹ̀, nítorí iṣẹ́ tó ń jẹ́ lórí òpó Ọlọ́wẹ̀ náà ló lè jẹ́ lórí ọjà inú ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀RỌ TÓ Ń BÁ ÈÈYÀN WÁ Ọ̀RỌ̀

Kò sí bí èèyàn ṣe lè mọ iṣẹ́ ìránṣẹ́ kó má kọ́kọ́ mọ ẹni tí wọ́n ń rán an sí. Ẹni tí wọ́n ń rán an sí níbí ni search server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó to ọ̀rọ̀ jọ, kó sì máa bá èèyàn wá a. Àwọn tó máa ń ka ìwé ńlá mọ àtòkọ tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé, níbi tí wọ́n ti to ọ̀rọ̀ ní a, b, d, tí wọ́n sì kọ àwọn ojú ìwé tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ kan kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé láti ojú ewé kìn-ín-ní, ẹ̀yìn ìwé ló máa lọ. Irú àtòkọ bẹ́ẹ̀ ni search server máa ń ṣe fún gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kó fún un. Ìdí nìyẹn tó fi lè wo àkọsílẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kó sì dáhùn kí ẹni tó béèrè tó ṣẹ́jú. Kò tún ní dáhùn gátagàta, èyí tó bá rò pé ó sún mọ́ ìbéèrè jù ló máa kọ́kọ́ fi síwájú.

Iṣẹ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Doug Cutting ará Amẹ́ríkà ló kọ Lucene, tó jẹ́ ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ àwárí wọ̀nyí, ní ìparí àwọn ọdún 1990. Lọ́dún 2001 ni Lucene bọ́ sábẹ́ àjọ Apache, tó ń jẹ́ kí gbogbo èèyàn lo ètò kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́dún 2004, Yonik Seeley tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ CNET fi Lucene ṣe Solr, wọ́n sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún Apache lọ́dún 2006. Shay Banon ló wá gbé Elasticsearch jáde lóṣù kejì ọdún 2010. Ohun tó mú un wọnú iṣẹ́ náà kò ju pé ìyàwó rẹ̀ ń kọ́ nípa oúnjẹ sísè ní London, ọkùnrin náà sì fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí obìnrin náà yóò máa fi wá ọ̀nà tí wọ́n ń gbà se oúnjẹ. Elasticsearch yìí gan-an ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Chicago ń lò.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń jẹun. Ó ń fẹ́ kọ̀ǹpútà tí ọpọlọ rẹ̀ tóbi, ó ń fẹ́ iná tí kì í lọ tọ̀sán tòru, ó sì ń fẹ́ ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ta ni yóò máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀ lóru nítorí pé ẹnì kan lè fẹ́ wá orúkọ ọjà kan láago méjì? Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohun tó bá ọgbọ́n mu fún oníṣòwò kékeré ni kí ẹ̀rọ tó wúwo wà lọ́dọ̀ ẹni tó lágbára rẹ̀, kí òun mú ìránṣẹ́ tó fúyẹ́.

ÌRÁNṢẸ́ TÓ MỌ IṢẸ́ RẸ̀

Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ohun tí client library ń ṣe gan-an nìyẹn. Oníbàárà lè kọ ìbéèrè rẹ̀ wúruwùru sínú fóònù. Ìránṣẹ́ yìí ló máa gbà á, tó máa tò ó lọ́nà tó máa yé server, tó máa gbé e lọ, tó máa dúró gba èsì, tó sì máa tú u padà sí ohun tó ṣeé fi han èèyàn. Bí ọ̀nà kò bá dáa, òun náà ló yẹ kó mọ ìgbà tó yẹ kó padà, kó sì sinmi díẹ̀ kó tó tún gbìyànjú.

Ìránṣẹ́ ju ìránṣẹ́ lọ ṣá o. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tí àwọn tó ń fi èdè Java ṣètò kọ̀ǹpútà ń lò fún Elasticsearch ni Transport Client. Ńṣe ni ẹni tó bá fẹ́ lò ó máa kó gbogbo ẹrù Elasticsearch fúnra rẹ̀ sínú ètò tirẹ̀, bí wọ́n bá sì ti yí server padà sí ẹ̀dà tuntun, ìránṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ yí padà pẹ̀lú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn kò ní gbọ́ ara wọn yé. Bí ẹni tó gbé gbogbo ilé rù nítorí pé ó ń lọ ra iyọ̀ ló rí. Nígbà tó yá, àwọn tó ṣe é fúnra wọn rí i pé kò dáa tó. Lọ́dún 2016, wọ́n gbé ìránṣẹ́ mìíràn tó fúyẹ́ jáde, tó ń sọ HTTP, ìyẹn èdè tí gbogbo ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì ń sọ. Nígbà tó fi máa di ọdún 2022 tí ẹ̀dà kẹjọ Elasticsearch jáde, wọ́n ti yọ Transport Client kúrò pátápátá. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń lo Solr náà, pysolr wà fún ẹni tó bá ń fi èdè Python kọ ètò, àwọn tó ṣe é sì sọ ọ́ gbangba pé fífúyẹ́ ni wọ́n ṣe é sí.

Fún ẹ̀rọ Chicago, ọ̀rọ̀ náà tún rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ìforúkọsílẹ̀, kò sì sí kọ́kọ́rọ́ tí èèyàn ní láti gbà. Ìránṣẹ́ máa lọ sí àdírẹ́sì api.artic.edu, yóò gbé ọ̀rọ̀ tó ń wá dání, bíi orúkọ Olowe, èsì yóò sì dé ní JSON, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n to ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sábẹ́ orúkọ tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní fásitì BOUESTI tó wà ní Ìkẹ́rẹ́, ìyẹn Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ àtijọ́ tí wọ́n sọ di fásitì lọ́dún 2020, lè kọ irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárín ìlà tí kò tó ogún. Òfin tí wọ́n gbé kalẹ̀ kò le. Ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ béèrè ju ọgọ́ta ìgbà lọ ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n sì rọ ẹni tó bá ń lò ó pé kó jẹ́ kí ìránṣẹ́ rẹ̀ máa sọ orúkọ ètò tó rán an wá àti àdírẹ́sì tí wọ́n lè fi bá ẹni tó ni ín sọ̀rọ̀. Ọmọ tó mọ ilé ìyá rẹ̀ ní í kí ará ilé kó tó wọlé.

OWÓ DÁTÀ KÌ Í ṢE EWÉ

Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 ni NCC, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ nílẹ̀ yìí, fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi owó kún owó wọn, tí wọ́n sì ní àfikún náà kò gbọdọ̀ ju ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Láti ìgbà náà, kò sí oníṣòwò orí fóònù tí kò mọ̀ pé dátà ń ná òun. Ibí yìí ni ìránṣẹ́ tó fúyẹ́ ti ń gba èèyàn là.

Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọnà kan ṣoṣo lẹ́rọ Chicago ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀ka: àkọlé, orúkọ ẹni tó ṣe é, ọdún, ìwọ̀n, ohun tí wọ́n fi ṣe é, àwọn tó ti ni ín rí, ìwé tí wọ́n ti kọ nípa rẹ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìránṣẹ́ bá lọ kó gbogbo rẹ̀ wá nígbà tó jẹ́ pé àkọlé àti ọdún nìkan ni oníbàárà fẹ́ rí, owó ló ń dà nù yẹn. Wọ́n ti ṣe ọ̀nà sí i. Ẹni tó ń béèrè lè dárúkọ ẹ̀ka tó fẹ́ nìkan, bíi title, artist_display àti date_display, server kò sì ní kó èyí tó kù wá. Ó tún lè sọ iye èsì tó fẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Àwòrán ló wúwo jù nínú gbogbo ẹ̀. Ìwọ̀n 843 ní fífẹ̀ ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà dámọ̀ràn fún ẹni tó ń ṣe ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ wọ́n tún ní ìwọ̀n 200 fún ẹni tó jẹ́ pé àwòrán kékeré ló fẹ́ kọ́kọ́ fi han oníbàárà. Ìránṣẹ́ tó gbọ́n máa kọ́kọ́ mú àwọn kékeré wá, ìgbà tí oníbàárà bá fọwọ́ kan ọ̀kan ló tó máa lọ gbé ńlá. Ó sì máa tọ́jú èsì tó ti gbà sínú fóònù. Òpó tí wọ́n gbẹ́ láàárín ọdún 1910 sí 1914 kò tún ní yí padà lọ́la, kí ló dé tí èèyàn yóò fi máa náwó lójoojúmọ́ láti béèrè ọ̀rọ̀ kan náà?

ÒPÓ, OPÓ ÀTI Ọ̀PỌ̀

Àmọ́ ṣá o, ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti le fún Yorùbá ju ti àwọn mìíràn lọ, ibẹ̀ náà sì ni owó lè bọ́ sọnù sí jù. Bí àwọn ará Chicago ṣe kọ ọ́ ni Olowe, Ise, àti Opo Ogoga, kò sí àmì, kò sí ohùn. Ọmọ Ìsẹ̀ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé ìwé, tó wá tẹ Ọlọ́wẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, lè máà rí nǹkan kan bí server tó ń bá sọ̀rọ̀ kò bá mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà wà, ẹni tó ń wá a wà, wọn kò sì pàdé.

Lucene ní ohun tí wọ́n ń pè ní ASCII folding, tó máa ń bọ́ àmì kúrò lára lẹ́tà. Ó mọ ọ, ẹ àti ṣ, yóò sì sọ wọ́n di o, e àti s. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ ni pé kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú ètò lẹ́tà kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọ tó tún ní àmì ohùn lórí. Lẹ́tà ọ wà lọ́tọ̀, àmì ohùn náà wà lọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àmì tó dá dúró yìí ni ASCII folding kì í kàn. Ẹni tó bá fẹ́ kó ṣiṣẹ́ dáadáa fún Yorùbá gbọ́dọ̀ lo èyí tí wọ́n ń pè ní ICU folding. Bí server bá sì jẹ́ ti ẹlòmíràn, tí kò sí ohun tí èèyàn lè ṣe sí i, ìránṣẹ́ ló kù tí wọ́n lè kọ́ lọ́gbọ́n: kó tú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí lẹ́tà àti àmì, kó ju àmì nù, kó tó gbé ìbéèrè lọ. Iṣẹ́ ìlà méjì tàbí mẹ́ta ni nínú èdè Python.

Síbẹ̀, ẹni tó bọ́ gbogbo àmì kúrò ti da nǹkan pọ̀ mọ́ra. Òpó tó gbé ilé dúró, opó tí ọkọ rẹ̀ kú, ọ̀pọ̀ tó túmọ̀ sí púpọ̀, gbogbo wọn ti di opo kan náà. Ẹni tó ní server tirẹ̀ máa ṣe é báyìí: yóò tọ́jú ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan pẹ̀lú àmì, ọ̀kan láìsí àmì. Bí oníbàárà bá tẹ àmì, èyí tó bá a mu wẹ́kú ni wọ́n á fi síwájú. Bí kò bá tẹ àmì, kò ní lọ lọ́wọ́ òfo. Ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì tó kọ ẹ̀wà tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí ọjà rẹ̀, tí oníbàárà sì ń tẹ ewa àti ogede nítorí pé fóònù rẹ̀ kò ní àmì, yóò máa pàdánù ọjà lójoojúmọ́ láìmọ̀ bí kò bá ṣe èyí. Oníbàárà yóò rò pé kò sí ọjà, ọlọ́jà yóò rò pé kò sí oníbàárà.

Ti Ìsẹ̀ tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìlú kan wà ní Jàpáánù tó ń jẹ́ Ise, ìtàn àtijọ́ wọn kan sì wà tí wọ́n ń pè ní The Tales of Ise. Bẹ́ẹ̀ rèé, àwòrán Jàpáánù pọ̀ lọ́wọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Chicago gan-an ni. Ẹni tó bá rán ìránṣẹ́ rẹ̀ ní Ise nìkan, kó má yà á lẹ́nu bí èsì tó dé bá jẹ́ ti ará Jàpáánù. Ohun tó yẹ ni kí ìránṣẹ́ sọ pé inú ẹ̀ka orúkọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ ọnà ni kí wọ́n ti wá Olowe. Abèèrè kì í ṣìnà lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó béèrè dáadáa ló ń tètè dé.

NÍGBÀ TÍ WỌ́N NÍ KÍ ÌRÁNṢẸ́ MÁ LỌ MỌ́

Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà tí oníṣòwò kò gbọdọ̀ fojú fò. Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, ilé iṣẹ́ Elastic tó ni Elasticsearch kéde pé òun máa yí ìwé àṣẹ tó ń jẹ́ kí gbogbo ayé lo iṣẹ́ náà bó ṣe wù wọ́n padà. Amazon ni wọ́n ń bá wí jù, pé wọ́n ń fi iṣẹ́ àwọn pawó. Amazon kò jókòó, wọ́n mú ẹ̀dà tó ṣì wà lábẹ́ ìwé àṣẹ àtijọ́, wọ́n sọ ọ́ di OpenSearch, èyí tí ẹ̀dà kìn-ín-ní rẹ̀ jáde lóṣù keje ọdún yẹn.

Lóṣù kẹjọ ọdún 2021 ni ọ̀rọ̀ wá dé ọ̀dọ̀ ìránṣẹ́. Àwọn client library tí Elastic fúnra wọn gbé jáde bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ server wò. Bí server kò bá ti jẹ́ Elasticsearch tiwọn gan-an, ìránṣẹ́ yóò kọ̀, kò ní jíṣẹ́. Àwọn tó ti ń fi ìránṣẹ́ kan náà bá server irú mìíràn sọ̀rọ̀ kàn rí i pé bí àwọn ṣe gba ẹ̀dà tuntun báyìí ni iṣẹ́ dúró. Amazon ní láti ṣe ìránṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nígbà tó di ọdún 2024, Elastic tún padà ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, wọ́n fi ìwé àṣẹ AGPL kún èyí tó wà nílẹ̀, OpenSearch náà sì bọ́ sábẹ́ àjọ Linux Foundation lọ́dún yẹn kan náà.

Bí erin méjì bá ń jà, koríko abẹ́ wọn ló ń fara gbá a. Ẹni tó ti so gbogbo òwò rẹ̀ mọ́ ìránṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ṣe wàhálà jù. Ẹni tó jẹ́ pé ìránṣẹ́ kékeré tó ń sọ HTTP lásán ló ń lò kò rí ìjà náà dé ilé rẹ̀, bí server yìí bá kọ̀, yóò yí àdírẹ́sì padà, yóò tún ìbéèrè rẹ̀ tò díẹ̀, yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ. Kì í ṣe dátà nìkan ni fífúyẹ́ ìránṣẹ́ ń gbà lọ́wọ́ ìnáwó, ó tún ń jẹ́ kí ọlọ́jà lè dá dúró.

ẸNI TÓ BÁ FẸ́ NÍ TIRẸ̀

Kì í ṣe gbogbo ọjà ló nílò server. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ìkọ́lé tàbí ilé ìta oògùn kan ní Emùré, tí ọjà rẹ̀ kò ju irú ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ, kò yẹ kó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta server fún òun. SQLite tó ti wà nínú fóònù Android fúnra rẹ̀ tó o to àtòkọ bẹ́ẹ̀, ó sì tó o wá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ìgbà tí ọjà bá ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí ṣọ́ọ̀bù ti di mẹ́ta, ọ̀kan ní Ìkẹ́rẹ́, ọ̀kan ní Ìsẹ̀, ọ̀kan ní Adó, tí wọ́n sì fẹ́ máa mọ ohun tó kù lọ́dọ̀ ara wọn, ìgbà náà ni ó tó ọ̀rọ̀ yíyá server. Kò sì pọn dandan kó jẹ́ Elasticsearch. Àwọn tó fúyẹ́ jù ú lọ wà, bíi Typesense àti Meilisearch.

Ẹni tó bá ti wá ní tirẹ̀, kó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ o. Kí ẹ̀dà kẹjọ Elasticsearch tó jáde lọ́dún 2022, bí èèyàn bá gbé e kalẹ̀ lásán, kì í béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lóṣù keje ọdún 2020, àwọn kan tí wọn kò tíì mọ̀ títí dòní wọnú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibi ìkó-àkọsílẹ̀-sí tí wọn kò tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, wọ́n sì kọ meow sí ipò rẹ̀. Wọn kò béèrè owó, wọn kò sọ ìdí. Àtòkọ oníbàárà àti gbèsè tí wọ́n jẹ kì í ṣe ohun tí èèyàn lè fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bákan náà, kọ́kọ́rọ́ tí ìránṣẹ́ inú fóònù oníbàárà máa mú dání gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lè wá ọ̀rọ̀ nìkan. Kò gbọdọ̀ lè kọ nǹkan, kò sì gbọdọ̀ lè pa nǹkan rẹ́. Typesense àti Meilisearch ní irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀. A kì í tìtorí pé a rán ọmọ lọ ra epo, ká kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé lé e lọ́wọ́.

OHUN TÓ WÀ NÍBẸ̀ FỌ́MỌ ÈKÌTÌ

Kí ni èèyàn wá lè fi òpó Ọlọ́wẹ̀ ṣe? Onítẹ̀wé kàlẹ́ńdà lè wá àwòrán tó dáa. Agbẹ́gilére òde òní lè wo bí wọ́n ṣe gbẹ́ ojú àti adé, kó fi kọ́ ọmọ iṣẹ́. Ilé ìtura tó ń gba àwọn tó wá wo òkè Ọlọ́ṣunta lálejò lè fi ìtàn àti àwòrán han àlejò lórí fóònù. Olùkọ́ lè fi ṣe ẹ̀kọ́. Ẹni tó mọ ètò kọ̀ǹpútà sì lè kó ti Chicago pọ̀ mọ́ ti Smithsonian tó wà ní Washington, tí òun náà ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ lóṣù kejì ọdún 2020 pẹ̀lú àwòrán mílíọ̀nù 2.8, kó sì tún ìtàn náà kọ lédè Yorùbá pẹ̀lú àmì tó pé.

Kó tó tẹ ohunkóhun tà ṣá o, òfin wà níbẹ̀. Ẹ̀ka kan wà nínú àkọsílẹ̀ Chicago kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní is_public_domain. Bí èsì ibẹ̀ bá jẹ́ true, kò sí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà tó kù lórí iṣẹ́ náà. Bí ó bá jẹ́ false, kí olúwarẹ̀ má ṣe tẹ̀ ẹ́. Àlàyé tí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà kọ sábẹ́ ẹ̀ka description ṣeé lò, àmọ́ ẹni tó bá lò ó gbọ́dọ̀ dárúkọ wọn. Ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ yòókù kò ní gbèsè kankan lọ́rùn. Ìránṣẹ́ tó bá gbọ́n yóò ti yẹ gbogbo èyí wò kó tó kó èsì wá, ẹni tó ń tẹ kàlẹ́ńdà kò sì ní bá ẹnikẹ́ni dé kóòtù.

Ní nǹkan bí ọdún 1938 ni Ọlọ́wẹ̀ kú. Òpó rẹ̀ kò sí láàfin Ìkẹ́rẹ́ mọ́, ìlẹ̀kùn rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tí wọ́n máa padà wálé. Ohun tó dájú ni pé ọ̀rọ̀ nípa wọn ti wà níbi tí ẹni tó ní fóònù lásán lè dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti ṣe ẹ̀rọ tó wúwo, wọ́n ń san owó iná rẹ̀. Ìránṣẹ́ tó fúyẹ́, tó mọ̀ pé òpó kì í ṣe opó, ni iṣẹ́ tó kù sílẹ̀, ọmọ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré ló sì mọ èdè tí wọ́n lè fi kọ ọ́.